Omi Éésíì Nínú Oògùn Teslim



Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ni mo ti ń gbálẹ̀. Éésíì ibẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù, máa ń kán omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn ògiri. Omi náà mọ́ gaara. Ràsákì àbúrò mi, tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ní Agége, ló ní kí n máa bù ú wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dísítíìlì wọ́tà tí à ń rọ sí bátìrì, ọ̀fẹ́ nìyẹn o! Kò sí omi tó mọ́ tó o."

Mo bá ń rọ ọ́ sínú ike omi mímu. Èmi náà ni mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo wọlé, mo bá Uswat ọmọ mi tó ń gbọn ìgò oògùn. Teslim ọmọ rẹ̀, olóṣù mẹ́jọ, ń wúkọ́. Oògùn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi omi pò ni wọ́n fún un.

"Omi wo lo fi pò ó?"

"Omi inú ike yẹn ni, Màámi. Ṣé Bọ̀dá Ràsákì ò ní òun ló mọ́ jù ni? Mo ti fún un ní ṣíbí kan."

Yéè! Mo ti rí ìdọ̀tí dúdú nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn rí. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀.

"Uswat, gbé ọmọ pọ̀n!"

A gbé ìgò oògùn, a gbé ike náà, ó di ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Catherine ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Mo pe Ràsákì, ó sáré bá wa níbẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó da omi náà sínú abọ́ funfun. Nǹkan dúdú bí òwú rọra wálẹ̀.

"Ta ló ní dísítíìlì wọ́tà nìyí?"

"Èmi ni," ni Ràsákì wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà bátìrì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Dísítíìlì wọ́tà tòótọ́, wọ́n á se omi di ooru, wọ́n á gba ooru yẹn, á tún padà di omi. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí á ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ó dára fún bátìrì àti áyọ́ọ̀nù tí à ń fi lọ aṣọ, torí nǹkan funfun ò ní lẹ̀ mọ́ wọn nínú. Ti éésíì, ara irin eléruku ló ń ṣàn kọjá. Kòkòrò àìfojúrí wà ńbẹ̀. Bátìrì gan-an, ó lè bà á jẹ́."

"Áà! Ìdí nìyẹn tí bátìrì Alájì Suara oníbàárà mi fi kú!" ni Ràsákì wí.

Mo wò ó. Ọmọ là ń sọ, ó ń sọ bátìrì.

"Ṣé ká fún un ní epo pupa?" Uswat ń sunkún.

"Rárá o! Ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá bì, tó yàgbẹ́ gbuuru, tàbí ara ẹ̀ gbóná, ẹ gbé e padà kíá."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Teslim ń yàgbẹ́ gbuuru. A tún sáré padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kó tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Omi éésíì kì í ṣe omi mímu, kì í ṣe omi oògùn. Omi tí ẹ sè, tó ti tutù, ni kẹ́ ẹ fi po oògùn ọmọ, kó má kọjá ilà ara ìgò. Dísítíìlì wọ́tà ti bátìrì, ẹ ra èyí tí wọ́n dé pa, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí omi mímu. Ẹ má rọ omi iṣẹ́ sínú ike omi mímu láé.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì ń kún lójoojúmọ́. Omi ibẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Ilẹ̀ nìkan ni mo fi ń nù báyìí.