Ìkúnlẹ̀ Ọláwùmí ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń tẹ fóònù, dojú ẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin ni Ọláwùmí kọ́kọ́ rí. Ó pẹ́ dé kíláàsì wẹ́fíà ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dúró ti ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ àti obìnrin tí ọkọ ń lù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin kan tó fi orí dúró lórí ẹní, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ń wo àjà. Ọláwùmí kúnlẹ̀ kí ẹsẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Sísítà, ìsàlẹ̀ lojú mi wà," ni ẹsẹ̀ dáhùn.

Bùsàrí nìyẹn, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́. Òun ló ń kọ́ wọn ní yóógà, eré ara àti mímí tó wá láti Íńdíà. Ó ní ẹni tí ìyà ti pa lẹ́nu mọ́, ara yín ló máa kọ́kọ́ wò. Tí èjìká yín bá ti gun etí, kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Torí náà, kí ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ máa mí, kí ẹ má sáré fi ọ̀rọ̀ dí ibi tó dákẹ́.

Ó ní kí kálukú gbé ọwọ́ lé àyà, kó rántí ìgbà tí ẹnì kan bi í gbẹ̀yìn pé ṣé ó sùn dáadáa. Ọláwùmí ronú títí, kò rántí. Láti ọdún mẹ́ta tó ti kúrò ní Ìkirè, rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó háyà. Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní ẹ káàárọ̀ o, á dáhùn, á tún béèrè ará ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa kan mọ bó ṣe ń rí. Omijé ẹ̀ kàn ń bọ́ sórí ẹní.

Bùsàrí rí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pè é lórí fóònù: "Ọláwùmí, ṣé o sùn dáadáa?" Ó pè lọ́jọ́ kẹta, ó pè lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, rédíò ti ń dá sọ̀rọ̀.

Wọ́n fẹ́ so yìgì. Ṣùgbọ́n bàbá Bùsàrí gbà pé ẹ̀sìn mìíràn ni yóógà, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti pe orúkọ ọmọ náà gbẹ̀yìn. Bùsàrí ní òun ò lè gbéyàwó tí bàbá òun ò bá sí níbẹ̀. Ọláwùmí ní kí àwọn lọ kí bàbá náà.

"Wọn ò ní dá ẹ lóhùn o, olólùfẹ́ mi."

"Ẹsẹ̀ ṣáà ti dá mi lóhùn rí."

Ní Ẹ̀pẹ́, Bùsàrí dúró lẹ́yìn ọgbà. Ọláwùmí wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá. Bàbá ń tún àwọ̀n ṣe, kò gbójú sókè. Ẹ mọ̀ ọ́n: tí àgbà ò bá tíì ní kó dìde, ọmọ tí wọ́n kọ́ ò gbọdọ̀ dìde. Bàbá rò pé yóò sú u. Ọláwùmí jókòó lé gìgísẹ̀, ó ń mí. Bàbá mí, òun náà mí. Bàbá lọ kírun aláásárì, ó padà wá bá a níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun kú, àwọn èèyàn wá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó dúró ti òun báyìí rí láìsọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní irú ìjókòó yìí?"

"Ọmọ yín ni, sà. Yóógà yẹn náà ni."

Bàbá wo ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí orí Bùsàrí ti yọ. "Ó kọ́ ẹ dáadáa. Dìde, ìyàwó mi."

Kí ló tún kù? Kí lèmọ́mù wá so yìgì nìkan.

Ọláwùmí fẹ́ dìde, àṣé pajápajá ti so ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ṣubú lé àwọ̀n.

Bàbá na ọrùn sẹ́yìn ọgbà: "Bùsàrí, wá gbé ìyàwó ẹ."