Kòtò Tí Royce Kò Dí

"Kí wọ́n mú wọn! Kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé, kí wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ sódò!"

Royce Maltby ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ilé ọtí abúlé Scarby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí bíà gbogbo ènìyàn fi ta sílẹ̀. Àwọn olè òru ló ń bú, àwọn tí í yọ́ wọ oko olóko láti wú owó àtijọ́. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n gbẹ́ kòtò sínú oko Mísíìsì Cawthorne, tí arúgbó opó náà fi jìn sí i, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ní gbogbo abúlé, kò sí ẹni tí inú ń bí tó Royce.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, inú ń bí èmi náà bí mo ti ń kọ ọ́. Kò sí olè òru kankan tó dé oko náà. Royce fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kòtò yẹn, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn.

Iṣẹ́ àtúnṣe katakata ni Royce fi jẹun kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ilé ìsìn ni nígbà èwe rẹ̀, ó mọ àwọn ìtàn tí Jésù pa bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Inú ń bí i sí àwọn olóko tí òun ti tún katakata wọn ṣe, tí wọn kì í pè é wọlé wá mu tíì. Inú ń bí i sí ìjọba. Inú ń bí i sí Ọlọ́run pàápàá, tó fún ẹlòmíràn nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí kò fún òun ju ẹ̀yìnkùlé kan lọ. "Kí ni tèmi láyé yìí?" ni orin tó ń kọ láràárọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mọ́ ọn ni ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni, ó ní àwo pẹrẹsẹ nídìí. Bí ènìyàn bá ń gbé e kọjá lórí ilẹ̀, tí owó tàbí irin wà nísàlẹ̀, yóò ké sí i létí. Òun àti Wilf Garrod, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni wọ́n jọ ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kiri inú oko. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Wilf. Ẹ̀rọ tirẹ̀ a máa ké sí ohun gbogbo, ó sì ń ṣa àwọn ìṣó àtijọ́ sápò kí wọ́n má baà gún àgùntàn lẹ́sẹ̀. Royce ti yí ẹ̀rọ tirẹ̀ kó di adití sí irin. Wúrà àti fàdákà nìkan ló fẹ́ gbọ́.

"Ìdọ̀tí lò ń kó kiri yẹn, bàbá onírin," ni Royce máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá onífàdákà, mélòó lo ti rí?" ni Wilf máa ń dá a lóhùn, wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Mísíìsì Cawthorne gbà wọ́n láyè nínú oko koríko rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. "Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ká jọ pín in, kí ìjọba sì gbọ́ sí i bí òfin ṣe wí. Kòtò tẹ́ ẹ bá gbẹ́, ẹ dí i. Àgùntàn mi ò ní ojú lábẹ́ ẹsẹ̀." Royce bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ti gé koríko oko náà tán, Wilf wà lódìkejì ọgbà, ni ẹ̀rọ Royce bá ké. Ohùn náà mọ́ gaara. Royce fi ṣọ́bìrì rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ya gé ilẹ̀ lọ́nà mẹ́ta bí ìṣe rẹ̀, ó ṣí i bí ẹní ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó sì gbẹ́ ẹ títí ó fi jìn ju orúnkún lọ. Ìkòkò amọ̀ fífọ́ ló bá nísàlẹ̀, àwọn ẹyọ owó fàdákà kún inú rẹ̀, orí àwọn ọba tó ti kú tipẹ́tipẹ́ wà lára wọn.

Àṣà àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ni pé ẹni tó bá rí ohun gidi yóò na ṣọ́bìrì sókè, kí èkejì wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Royce gbé ṣọ́bìrì dé àyà. Ó tún dá a padà sílẹ̀.

"Kí ni tèmi láyé yìí?" ni ọkàn rẹ̀ wí. "Èyí ni tèmi."

Ó da fàdákà náà sínú àpò oúnjẹ rẹ̀. Bó ti gbójú sókè, ó rí fìlà Wilf tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Kò sí àyè láti dí kòtò. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ koríko gbígbẹ bò ó, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Lọ́la ni n ó padà wá dí i."

"Kí lo rí?" ni Wilf bi í.

"Ìdérí ìgò."

"Ayé mà ń mu bíà o," ni Wilf wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀, Royce sì jókòó ti fàdákà rẹ̀ nílé. Mísíìsì Cawthorne jáde lọ wo àgùntàn rẹ̀, ó sì tẹ koríko yẹn. Inú òjò ló dùbúlẹ̀ sí, ó ń kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Wilf tó gbé ẹyin wá fún un ló bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ọsibítù gbé e lọ tán, Wilf padà sídìí kòtò. Ó rí bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Ó rí àmì ẹnu ṣọ́bìrì tó ti ya lára amọ̀ tútù. Kò sí ẹlòmíràn tó ń gé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ṣọ́bìrì míì tó ya níbẹ̀ yẹn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àgùntàn ń bọ̀, nítorí náà ó mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó dí kòtò náà. Ẹnì kan tó ń kọjá lójú títì sì rí i.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Royce gbá tábìlì nílé ọtí, ẹnì kan fèsì láti igun pé, "Olè òru wo? Wilf ni wọ́n rí tó ń dí kòtò. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta, òun náà ló ṣe mọ ibi tí ìyá náà ṣubú sí."

Gbogbo ojú yí sí Royce. "Royce, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Kí lo rí sí i?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀ láti sọ òtítọ́. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún, ó nu ètè.

"Èèyàn ò lè mọ ọ̀rẹ́ tán," ló wí.

Mo sọ pé inú ń bí mi. Fàdákà tó jí kọ́ ló bí mi nínú jù, gbólóhùn yẹn ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo olóko àdúgbò ti lé Wilf lórí ilẹ̀ wọn. Ẹnì kan fi ọ̀dà pupa kọ OLÈ sára ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, Royce wà nínú ilé pákó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń fi omi fọ àwọn owó náà, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Wilf kò kan án.

"Bàbá onífàdákà," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Royce fò dìde. "Ta ló ní kó o wọlé? Jáde!"

"Mo mọ ọwọ́ rẹ nínú kòtò yẹn, Royce. Ẹnu ṣọ́bìrì rẹ tó ya wà lára ilẹ̀ níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn nígbà náà?"

"Mò ń retí kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́! Ìyàwó mi ò lè lọ ra búrẹ́dì mọ́. Inú ń bí mi débi pé mo kọ́kọ́ dúró síta gbàdúrà kí n má baà lù ọ́."

Royce fi ariwo bo ìtìjú. "Má wàásù fún mi! Ṣé Jésù ò pa ìtàn ọkùnrin tó rí ìṣúra nínú oko ni? Kí ló ṣe? Ó bò ó mọ́lẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan. Jésù ò sì pè é lólè!"

"Parí ẹ̀," ni Wilf wí.

"Parí kí ni?"

"Parí ìtàn náà, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó! Lẹ́yìn tó bò ó mọ́lẹ̀, kí ló ṣe?"

Royce tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ owó.

"Ó lọ ta gbogbo ohun tó ní, ó ra oko náà. Ó rà á, Royce! Tẹ̀gún tòkúta ló rà á. Ìwọ fẹ́ ìṣúra, o ò fẹ́ san nǹkan kan. Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó ra oko yẹn? Jésù ni. Ìwọ tí inú ń bí sí gbogbo ayé yìí ni ìṣúra tó rí nínú ẹrẹ̀, ó sì fi gbogbo ohun tó ní rà ọ́." Ó ti ọwọ́ bàpò, ó gbé ìṣó àtijọ́ kan tó ti dípẹtà sí àárín fàdákà. "Inú kòtò rẹ ni mo ti rí i. Irú èyí ni wọ́n fi kàn án mọ́gi, kó tó lè san gbèsè rẹ."

Ó jáde, kò pa ilẹ̀kùn dé.

Royce bú u títí kò fi gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e kọjá lórí tábìlì kí ohùn fàdákà lè tù ú nínú. Ẹ̀rọ náà ké lórí owó. Nígbà tó dórí ìṣó, ó dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Royce tún gbé e kọjá. Fàdákà ké, ìṣó dákẹ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ náà kó má gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ti ṣe ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá: obìnrin arúgbó ń kígbe nínú òjò, kò gbọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ru ẹ̀gàn rẹ̀, kò gbọ́, Ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi ń pè é, kò gbọ́.

Ó kúnlẹ̀ sórí pákó. "Olúwa, olè ni mí," ló wí. "Mo jí fàdákà, mo ba orúkọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́, mo sì ń bínú sí Ọ bí ẹni pé Ìwọ lo jẹ̀bi. Bó o bá rà mí lóòótọ́, wá gbà mí." Ó sunkún bí ọmọdé, ìbínú tó ti ń gbé kiri sì tú kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó gbé àpò náà lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án yẹn kan náà. Mísíìsì Cawthorne fetí sí i dé òpin.

"Mo kígbe títí ohùn mi fi há," ló wí. "Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti mọ̀ báyìí, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Inú ń bí mi sí ọ gan-an, ọmọkùnrin yìí. Mi ò ní í purọ́ pé kò bí mi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti dárí ji èmi náà rí, mo sì ti dárí jì ọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Máa lọ sí ilé ọtí. Ibẹ̀ lo ti ba orúkọ Wilf jẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti tún un ṣe."

Royce lọ. Ìdí tábìlì tó gbá ló dúró sí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n hó lé e lórí. Ẹni tó wà ní igun pariwo pé, "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora!"

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Royce wí. "Aṣọ olè ni mo wọ̀ títí di ọ̀sán yìí. Ẹnì kan ti bọ́ ọ lọ́rùn mi."

Ó kó fàdákà náà fún ìjọba, ó sì jẹ́jọ́ rẹ̀. Kò sí olóko tó jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Cawthorne, wàá rí ọkùnrin kan tó ń fi ṣọ́bìrì ẹnu-yíya dí ihò ehoro, kí àgùntàn má baà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Wilf sì wà nítòsí, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ ńkọ́? O ka ìtàn yìí, o bú Royce, o ní ó yẹ kí wọ́n tì í mọ́lé. Kòtò tìrẹ dà? Ẹni tó o ṣẹ̀ tó o sì ń bínú sí, irọ́ tó o fi koríko bò, orúkọ tó o bà jẹ́ nídìí ife ọtí, ṣé Ọlọ́run ò rí i ni? Má fi ariwo bo ìtìjú rẹ mọ́. Jésù ti ra oko náà, ó ti san gbogbo rẹ̀, ìwọ ló sì ń wá. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, kó o sì sọ òtítọ́ fún un.

Má sì sọ fún mi pé ó di ọ̀la. Lọ́la ni Royce fẹ́ padà lọ dí kòtò yẹn.