Ẹni Tó Kan Gíláàsì

Kùrukùru ni gbogbo ìlú jí bá lọ́jọ́ náà. Ó bo òrùlé, ó bo òpó iná, ó bo ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe tí kò tán, débi pé ẹni tó bá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè máa rò pé ọ̀nà náà ti parí, pé ó lọ tààrà wọ inú ọ̀run. Irọ́ ni o. Kó kàn rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á já sínú ẹrọ̀fọ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ẹ́ńjìnnì inú katakata ńlá tó ń tẹ ọ̀nà ti pòórá. Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ọ̀nà ọ̀hún ló fẹjọ́ sùn. Ó ní olè ló wá gbé e lóru, ó sì ní bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kí oòrùn tó yọ, bàbá ti wà lẹ́yìn irin ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni aráyé ń pè é. Kì í pariwo, kì í na ènìyàn. Bó bá fẹ́ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀daràn, á kọ́kọ́ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó máa ń rìn bí ẹni tó ń lá àlá, ojú rẹ̀ á máa wo òkè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé yóò já sí gọ́tà lọ́jọ́ kan. Kò tíì já sí i rí.

Ó bá bàbá níbi tó jókòó sí, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Bàbá ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń sọ. Òdìkejì ọ̀nà yẹn, ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún, ni ọmọ náà ń gbé, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ìhín ni ilé ìwòsàn sì wà. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá gbọ́ pé olè ló dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún kan sí i, inú ẹrẹ̀ sì ni ọmọ òun yóò bímọ sí.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi í pé ìgbà wo gan-an ni ẹ́ńjìnnì kúrò.

"Ó ti pẹ́," ni bàbá wí. "Ẹnjiníà ní wọ́n ń gbé e lọ tún ṣe. Mo fẹ́ sọ fún àwọn aṣòfin nígbà tí wọ́n wá. Mo kan gíláàsì ọkọ̀ wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n juwọ́ sí mi."

Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n á ti gíláàsì pa nítorí eruku. Wọ́n á wo katakata lókèèrè, wọ́n á gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ń lọ, ó di ilé. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbọ́, àánú sì ṣe é, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí. Olè pàápàá lè ní ọmọ tó lóyún.

Ló bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹnjiníà jáde sí i láti inú kùrukùru, bàtà róbà rẹ̀ ń dán, ẹrẹ̀ kankan ò kàn án. Ó ní katakata ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ àná, pé òun fúnra òun lòun wà á. Ó mí kanlẹ̀. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo kìlọ̀ fún bàbá yẹn títí."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ó ti gbúròó àwọn aṣòfin. Ẹnjiníà ní bẹ́ẹ̀ ni, alága tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn pè é lọ́sàn-án àná, ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun máa sọ̀ kalẹ̀, òun á gun orí katakata wò. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí, ó sì ń rìn lọ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Ó dé ẹ̀yìn ahéré ọlọ́dẹ, ó rí jẹnẹrétọ̀ kan lábẹ́ tapólì. Ó yọjú sínú ahéré: kò sí gílóòbù, kò sí wáyà, fìtílà ni bàbá ń tàn. Ó padà sídìí katakata, ó dúró, ó tẹ́tí. Nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀, ohùn tín-ín-rín. Ó ṣí ìdérí, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀ títí, ó wá rọra pa á dé bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Lọ́sàn-án, kùrukùru ò tíì ká. Ọkọ̀ àwọn aṣòfin yọ láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná wọn ń ṣẹ́jú. Alága, obìnrin kan tó sanra tó sì ń rìn kánmọ́kánmọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó kù ń wojú ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, orí àga ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹnjiníà rojọ́ olè, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan. Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́pàá, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹnjiníà," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí, "ẹ ní ẹ wa katakata yìí lánàá?"

"Mo wà á."

"Ẹ bá wa ṣí i."

Ó ṣí i. Níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà, ìtẹ́ ẹyẹ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ tí ìyẹ́ ti ń hù lára wọn la ẹnu sí gbogbo ìgbìmọ̀, wọ́n rò pé ìyá àwọn ló dé.

"Kí ìyá wọn tó kó koríko jọ," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí, "kó tó yé, kó tó pa, kí ìyẹ́ tó hù, ẹ́ńjìnnì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ariwo tí ẹ̀yin ọnọrébù ń gbọ́ látinú ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ahéré ni. Bàbá ò ní gílóòbù tó lè fi tàn. Bí ẹ bá ń jókòó sínú ọkọ̀ lọ, olè ò ní wá láéláé. Àná ni Alága ní àwọn máa sọ̀ kalẹ̀, òru àná náà ni wọ́n ní olè dé."

Ẹnjiníà yíjú sí i. "Ta ló sọ fún yín?"

"Wọ́n ní ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Àwọn wọ̀nyí sọ tiwọn fún mi."

Ẹnjiníà fara ti katakata. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ́ńjìnnì náà wà níbi tí òun ti ń fi í lọ òkúta tà, pé ó wu òun láti dá a padà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀ kalẹ̀ wò ó rí, òun sì gbàgbé láti bẹ̀rù. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Alága yíjú sí bàbá. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo sọ, mà. Mo kan gíláàsì." Ó ká ìka rẹ̀, ó kan afẹ́fẹ́ wò, bó ṣe kàn án lọ́jọ́ náà.

Alága ò tíì di alága nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Ó rántí bàbá kan nínú eruku, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé lẹ́yìn gíláàsì. Ojú tì í gan-an. "Èmi ni mo juwọ́ sí yín," ló wí. "Mo rò pé ẹ ń kí wa ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́, mà."

Alága ò fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kan sí i. Ó ní kí wọ́n gbé katakata mìíràn wá, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Ó wá béèrè ibi tí ọmọ bàbá ń gbé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ inú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ọnọrébù tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣòkòtò kíká. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí kùrukùru fi là níwájú wọn, tí obìnrin kan yọ, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí, ọkọ rẹ̀ dì í mú. Ọmọ bàbá ni. Ìrọbí ti mú un, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Wọ́n gbé e dé inú ọkọ̀ Alága. Alága jókòó tì í, ọkọ rẹ̀ wà níwájú, àyè ò sí mọ́. Bàbá dúró síta, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí bàbá ká ìka rẹ̀, tó kan gíláàsì.

Alága fúnra rẹ̀ ló sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ẹ wí, Bàbá," ló sọ. "Mò ń gbọ́ yín."