Káàdì Kejìdínlógún

Lọ́jọ́bọ̀ tí wàhálà náà já síta, síìpù ni aránṣọ kan ń bá jà. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tó ń tú u, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tó ń rán an, ó sì ń bú ẹni tó ṣe síìpù náà tìdílé-tìdílé. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, díẹ̀ ló kù kó má gbé e. Tíṣà ọmọ rẹ̀ ló ń pè.

“Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ṣé ara ọmọ yín le nílé?”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan náà ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n pè yín. Kò sọ̀rọ̀ kankan látàárọ̀.”

Ẹnu-ò-sinmi ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ yìí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó lè bá àga sọ̀rọ̀ títí àga á fi fẹ́ dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ pé, “Jọ̀ọ́, fún etí mi ní ìsinmi.” Òun náà ni wọ́n wá ní kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí inú ti ń run ọmọ náà, tí ìgbẹ́ ń ṣòro fún un láti yà, tó ń fi oúnjẹ sílẹ̀, tó sì ń sunkún lórí ohun tí kò tó ẹkún. Ìyá rẹ̀ ní aràn ni, ó ra oògùn aràn. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó ní àkẹ́jù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àkẹ́jù! Baba tó bí òun aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sì dá lẹ́bi, nítorí baba àgbà yìí ló ń kẹ́ ọmọ náà. Ibẹ̀ ló ti sún mọ́ òótọ́ láìmọ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni baba rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, tó ń kọ káàdì fún ìwé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ìwé kọ káàdì fún mọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò tíì jọ. Kì í ṣe ìkòkò tíì lásán o. Ti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì ni, àwọn tó ti pẹ́, tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí ọmọ rẹ̀. Mọ́kànlélógójì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní káàdì tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀: ọdún tí wọ́n ṣe é, ibi tó ti sán, ọwọ́ ẹni tó ti kúrò. Bí eṣinṣin bá bà lé ọ̀kan, baba yìí á fẹ́ kọ ọ́ sí káàdì. Bàbá Oníkáàdì làwọn ará ilé ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Àlejò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Bí àlejò bá dé, ìkòkò funfun lásán kan tó rà lọ́jà ló fi ń bu tíì fún un. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló ní àṣẹ láti yan èyí tó wù ú, Ẹnu-ò-sinmi ni. Ọmọ náà sì ti yan tirẹ̀ tipẹ́: èyí tó jẹ́ yẹ́lò, tí inú rẹ̀ pupa bí ata tó pọ́n. Lójoojúmọ́, bó bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ baba àgbà ló ń wà títí ìyá rẹ̀ á fi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Baba á ti po tíì sínú ìkòkò náà láti àárọ̀, á fún òroḿbó wẹ́wẹ́ méjì sí i, á da oyin lé e, kó lè wọra dáadáa kí ọmọ tó dé.

Ọjọ́ kejì ìpè tíṣà, aránṣọ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tí èsì dé, ó pè wọ́n padà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Ìyá, òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Ó pọ̀.”

“Òjé? Òjé tí wọ́n ń yọ́ nínú iná?”

“Òun náà ni. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì ń mú inú run wọ́n. Á kàn máa rẹ ọmọ, ìyá á rò pé aràn ni.”

Aránṣọ gbójú sílẹ̀.

“Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ń wọlé,” ni dókítà wí. “Ṣé ọ̀dà ògiri yín ti ń ṣí? Ṣé ẹnì kankan ń tú bátìrì mọ́tò nítòsí yín? Ṣé ẹ̀ ń fi tìróò sí i lójú?”

“Rárá o.”

“Inú kí ló ti ń jẹun? Inú kí ló ti ń mu nǹkan? Àwo àti ìkòkò mìíràn wà tó jẹ́ pé òjé ni wọ́n pò mọ́ ohun tó ń dán lára wọn, pàápàá àwọn ti àtijọ́ àti àwọn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Bí nǹkan kíkan bá pẹ́ nínú wọn, á máa fa òjé náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹnu kì í tọ́ ọ wò, ojú kì í rí i.”

Ìyá ń ronú kan ife oníke ilé rẹ̀ ni. Ọmọ tó jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, wá la ẹnu.

“Yẹ́lò,” ni ọmọ náà wí.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Aránṣọ sọ ti ìkòkò yẹ́lò baba rẹ̀ fún dókítà. Dókítà ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló gba ìkòkò náà là.

Nígbà tí aránṣọ wọ pálọ̀ baba rẹ̀, kò kúnlẹ̀, kò kí i. Orí tábìlì ni ìkòkò yẹ́lò wà, tíì ọ̀sán ọjọ́ náà ti wà nínú rẹ̀.

“Bàbá, ìkòkò yìí lẹ fi ń fún ọmọ mi ní májèlé.”

“Májèlé kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Ìkòkò yẹn ju ọgọ́ta ọdún lọ. Àwọn tó ṣe é, ṣé wọn ò mu tíì ni?”

Aránṣọ gbé ìkòkò náà. Ó da tíì náà nù, ó yí ìdí ìkòkò sókè. Méjìdínlógún. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó yẹ àwọn káàdì wò títí ó fi kan èyí tó ń wá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó kà á sókè:

“‘Ìkòkò yẹ́lò, inú pupa. Kò sán níbì kankan. Wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀. Mo rọra ṣí i, mo tọ́jú rẹ̀, nítorí ìkòkò tí ìwé ìdí rẹ̀ bá pé níyì ju èyí tí kò ní lọ. Mo fi ìwé atúmọ̀ èdè tú ohun tí wọ́n kọ sí i: Ẹ̀ṣọ́ ilé ni. Ẹ má fi mu nǹkan.’”

Lẹ́yìn káàdì náà ni ìwé ìdí náà fúnra rẹ̀ wà, wọ́n fi ọ̀rá wé e kí omi má kàn án.

“Ọwọ́ ta ló kọ eléyìí, Bàbá?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ẹ kà á. Ẹ tún tú u. Ẹ wá fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun! Àlejò ń mu nínú ìkòkò ọjà, ara wọn dá ṣáṣá. Ọmọ mi ń mu òjé!”

“Mo rò pé wọ́n kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó dáa jù nínú ilé yìí ni mo fún un, ìwọ náà mọ̀. Màá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, màá...”

“Fífọ̀ ò lè yọ ọ́! Síse ò lè yọ ọ́! Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ omi gbígbóná!”

Inú bí i débi pé ó gbé ìkòkò náà sókè. Kó tó mọ̀, baba rẹ̀ ti fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti nà láti hán an. Àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde! Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ náà.

“Ẹ wò ó,” ni aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. “Ẹ wo bí ọwọ́ yín ṣe yá.”

Baba náà ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọ rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Ó fi aṣọ wé ìkòkò, ó gbé e jáde. Ní títì, inú bí i sí ara rẹ̀ náà, nítorí oṣù méjì oògùn aràn.

Àyẹ̀wò fi hàn pé ìkòkò náà ni. Wọ́n dá ọmọ dúró sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa òjé jáde lára, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè títí ó fi ń sunkún bó bá rí aṣọ funfun. Òjé náà ti lọlẹ̀ gan-an báyìí. Inú kò run ún mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń padà bọ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Kíláàsì tó wà ló ṣì wà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ síwájú. Ìyá rẹ̀ bi dókítà bóyá yóò tún dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ náà ní Ẹnu-ò-sinmi mọ́.

Nígbà tí ilé ìwòsàn dá ìkòkò kejìdínlógún padà, Bàbá Oníkáàdì gbé e lọ sí ilé ìkàwé tó ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì bá a gbé e sínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ńlá kan ló lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, ó ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ mú ọmọ rẹ̀ wá bá baba àgbà níbẹ̀. Ọmọ náà dúró síwájú gíláàsì.

“Bàbá àgbà... kí ni... wọ́n kọ?”

Baba tẹ̀ ba. “Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ilé ni. Wọ́n ní kí a má fi mu nǹkan.”

Ọmọ náà wá ọ̀rọ̀ títí ó fi rí i. “Ẹ ò... kà á?”

“Mo kà á,” ni baba náà wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ dìde, ẹ lọ yí ìdí àwọn ìkòkò àtijọ́ yín sókè. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ̀ṣọ́ ni. Bí wọn ò kọ nǹkan kan, tí ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ fi í sórí pẹpẹ, ẹ má bu tíì, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn sí i. Ọmọ tí inú ń run, tí kò jẹun, tí ọ̀rọ̀ ń dínkù lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi oògùn aràn tàn án jẹ. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n wo òjé. Ẹni tó bá sì ń ta irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, tó ń ha ìwé ìdí wọn dà nù kí ọjà lè yá, kó mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ni yóò mu òjé náà.

Bàbá Oníkáàdì kò pàdánù ìwé tirẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa.