Ìwúkàrà Sèlíátù

Sèlíátù ṣílẹ̀kùn làbù ìwádìí rẹ̀, ó bá ọkùnrin gíga kan tí girísì bo apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, tó ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbayawu, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni ṣoore.

"Mo gbé! Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Yorùbá ni yín! Mùsíọ̀ ọ̀gá yín ló pè mí wá tún un ṣe. Moustapha ni mí, mo ń lẹ táyà ní àdúgbò Dougouba. Afẹ́fẹ́ yín ti kéré jù."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn!"

Ọlọ́run ló yọ Moustapha, ìgbájú ni ì bá jẹ. Ìwúkàrà ni Sèlíátù ń sìn nínú omi ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ń kó wá láti ìlú Brobo, kó lè bá a ṣe ṣúgà tí kì í pa onítọ̀ ṣúgà lára. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ìwúkàrà á kàn máa jẹun, á máa bí sí i. Bí kò bá sí rárá, ọtí ni yóò ṣe. Táyà kọ́, ẹ gbà mí!

Ọjọ́ mẹ́wàá ni Moustapha fi bẹ̀ ẹ́, tòun ti atiẹkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí Sèlíátù lórí, ìyẹn gan-an sì ń bí i nínú.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà ti sọ fún bàbá rẹ̀, Àlàájì Kàsímù, pé ọtí ni ọmọ rẹ̀ ń pọn. Nígbà tí Moustapha wá tọrọ Sèlíátù, Àlàájì ní, "Ẹ gbé ṣúgà yẹn wá ní Jímọ̀. Bí mo bá gbóòórùn ọtí, kálukú á lọ lọ́tọ̀."

Ní Ọjọ́rú, bí Sèlíátù ṣe jáde, ẹ̀rù òórùn ọtí ba Moustapha. Ó yọ́ wọlé, ó ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kó má bàa di ọtí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìwúkàrà ti jẹ gbogbo ṣúgà náà tán.

"Moustapha! O tún ṣí i! Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n o ti dá mi lágara!"

Ní Jímọ̀, Sèlíátù fẹ́ purọ́ pé iná ló lọ. Moustapha ti dọ̀bálẹ̀ kó tó lanu.

"Bàbá, kò sí ṣúgà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má bá a wí."

Àlàájì pòṣé. "Ẹni tó mọ̀ pé òtítọ́ lè gba ìyàwó lọ́wọ́ òun, tó ṣì sọ ọ́, mo lè fún un lọ́mọ. Ó kù sọ́wọ́ Sèlíátù."

Sèlíátù pòṣé, tirẹ̀ gùn ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí i, ìfẹ́ sì ju ìbínú náà lọ. Ó lọ jókòó ti Moustapha lórí ẹní.

"Mú àwọn èèyàn rẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó wí. "Ṣúgà á wá bá wa nílé."