Táyà Dádì Lábẹ́ Igi Àgbálùmọ̀

Ọmọ́lábákẹ́ ń gbé ní Odoakpu, ní ìlú Onitsha. Lábákẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Lábákẹ́ kò tíì bọ́jú. Kò tíì jẹun. Ó ti wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ń ti táyà.

Fììì, táyà lọ.
Fììì, táyà bọ̀.

Kò sí ẹnì kankan nínú táyà náà.

Dádì ló so ó. Táyà ọ̀kadà tó ti gbó ni. Dádì fi okùn gígùn so ó mọ́ ẹ̀ka igi.

Dádì máa ń gbé Lábákẹ́ jókòó sínú rẹ̀. Á tì í. Á sì máa kọrin:

"Lọ o, Olúwa ń ṣọ́ ẹ.
Bọ̀ o, Olúwa ń ṣọ́ ẹ."

Bí orin "lọ" bá parí, táyà ti dé òkè. Bí orin "bọ̀" bá parí, ẹ̀yìn Lábákẹ́ ti kan àtẹ́lẹwọ́ Dádì.

Pẹ́!

"Dádì, ẹ tì mí jìnnà!" Dádì á tì í jìnnà.

"Dádì, ẹ rọra!" Dádì á rọra.

Jìnnà o, nítòsí o, orin náà ń bá a mu. Pẹ́!

"Dádì, kí ló dé tó fi ń rí bẹ́ẹ̀?"

"Bí o bá lọ jìnnà, wàá sáré bọ̀," ni Dádì wí. "Bí o bá lọ nítòsí, wàá rọra bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àsìkò méjèèjì fi dọ́gba."

"Ṣé mo máa ń padà bọ̀ ṣá?"

"O máa ń padà bọ̀ ṣá, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́!"

Lọ́jọ́ kan, Dádì kò sí nílé mọ́.

Mọ́mì pọn Ẹkúndayọ̀, àbúrò Lábákẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Lábákẹ́ dúró lọ́dọ̀ Mama Obiageli, aládùúgbò wọn.

Nígbà tí Mọ́mì dé, ojú rẹ̀ wú.

"Mọ́mì, Dádì ńkọ́?"

"Dádì rìnrìn àjò," ni Mọ́mì wí. Ó wo ilẹ̀.

"Ó rìnrìn àjò, nne," ni Mama Obiageli wí. Nne ló máa ń pe Lábákẹ́, bí ìyá ṣe ń kẹ́ ọmọ. Òun náà wo ilẹ̀.

Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wọn. "Ó rìnrìn àjò," ni wọ́n wí. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Lábákẹ́ rò ó. Táyà lọ, táyà bọ̀. Dádì lọ. Dádì náà á bọ̀.

Kí táyà má ṣáà ti dúró.

Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tì í láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tì í bó bá ti ilé ìwé dé.

Àmọ́ táyà kì í gbọ́. Á lọ, á bọ̀. Á lọ díẹ̀, á bọ̀ díẹ̀. Á lọ bíńtín. Á dúró ní àárín, jẹ́ẹ́.

"Má dúró!" ni Lábákẹ́ kígbe.

Ó fi gbogbo agbára tì í. Gbìì! Táyà gbá ewé lókè. Àgbálùmọ̀ kan já bọ́. Pọ̀!

Mama Obiageli yọjú pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Nne! Kí ni igi yìí fi ṣe ẹ́? Ṣé ó bú ẹ ni?"

"Mo fẹ́ kó tètè bọ̀ ni."

"Ta ni o fẹ́ kó tètè bọ̀?"

Lábákẹ́ tún ti táyà. Orin ló ń kọ. Lọ o. Bọ̀ o. Pẹ́.

Bákan náà ni! Pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, táyà kò tètè bọ̀ rárá.

Lábákẹ́ ta igi nípàá. Igi kò mira. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ta á.

Ó wọlé tọ Mọ́mì lọ. Mọ́mì ń ránṣọ. Tata-tata-tata.

Bọ́bìnì kékeré kan, tí wọ́n ká òwú sí, bọ́ lórí ẹ̀rọ. Òwú rẹ̀ kò já. Ó so dirodiro, ó ń fì. Fììì. Fììì.

Mọ́mì ń ká òwú náà sókè. Òwú ń kúrú. Fìì, fìì. Òwú tún kúrú. Fì-fì-fì-fì!

Lábákẹ́ la ojú. Òwú gùn, bọ́bìnì rọra. Òwú kúrú, bọ́bìnì yára!

Ó sáré jáde. Ó gun àpótí. Ó tú kókó okùn tó wà lára táyà, ó fa táyà sókè, ó tún un dì.

Ó ti táyà. "Lọ o, Olúwa..." Táyà ti bọ̀! Orin kò tíì parí!

"Ó ti yá!" ni Lábákẹ́ kígbe. Ó sáré lọ sẹ́nu géètì.

Kẹ̀kẹ́ kan dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ mìíràn dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Ọkàn Lábákẹ́ fò sókè.

Kì í ṣe Dádì.

Oòrùn kúrò lórí géètì. Oòrùn kúrò lójú ọ̀nà. Dádì kò dé.

Lábákẹ́ padà sílé. "Mọ́mì! Mo ti ṣe é kó yá! Táyà ń tètè bọ̀. Kí ló dé tí Dádì kò bọ̀?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Mọ́mì kò wo ilẹ̀ mọ́. Ó wo Lábákẹ́.

"Dádì kò rìnrìn àjò," ni Mọ́mì wí. "Àìsàn ṣe é. Dádì kú, Lábákẹ́. A sin ín sí Ọ̀yọ́."

"Nígbà wo ló máa bọ̀?"

"Kò ní bọ̀. Ọ̀dọ̀ Olúwa ló wà. Lọ́jọ́ kan, àwa la máa lọ bá a."

"Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀! Mo fẹ́ kó wá síbí!"

"Èmi náà," ni Mọ́mì wí. "Èmi náà, ọmọ mi."

"Ẹ parọ́ fún mi."

"Mo parọ́. Ẹnu mi kò lè sọ ọ́ ni. Má bínú."

Lábákẹ́ bínú. Ó bínú tòun tomijé. Ó bínú nídìí oúnjẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọmọdé ń kọrin. Lábákẹ́ pa ẹnu mọ́ pinpin.

Kò ti táyà mọ́. Táyà dúró ní àárín, jẹ́ẹ́. Èèrà ń rìn lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Lábákẹ́ gbọ́ ohùn kékeré lẹ́yìnkùlé.

"Lọ o, Oúwa sọ́ ẹ. Bọ̀ o, Oúwa sọ́ ẹ."

Ẹkúndayọ̀ ni! Ó ti ń rìn báyìí, tàgétàgé. Ó dúró lábẹ́ táyà, ó na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

"Ta ló kọ́ ẹ lórin Dádì?" ni Lábákẹ́ bi í.

Ẹkúndayọ̀ fi ìka kékeré tọ́ka sí i. "Bákẹ́!"

Lábákẹ́ lọ gbé àpótí.

Ó tú okùn, ó sọ táyà kalẹ̀. Ó tì í. Ó kọrin. Orin parí, táyà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Okùn ti gùn jù!

Ó fà á sókè. Ó tì í. Táyà dé, orin kò tíì parí. Okùn ti kúrú jù!

Ó wo okùn náà dáadáa. Ibì kan lára rẹ̀ funfun, ó sì tẹ̀ kọ́lọ́. Ibẹ̀ ni kókó Dádì wà tẹ́lẹ̀.

"Mọ́mì! Ẹ wá bá mi dì í! Ibí ni. Ẹ dì í le o!"

Mọ́mì jáde. Ó dì í le. Ó gbé Ẹkúndayọ̀ sínú táyà, ó sì dúró tì í.

Lábákẹ́ ti táyà, jẹ́jẹ́.

"Lọ o, Olúwa ń ṣọ́ ẹ."

Fììì, Ẹkúndayọ̀ lọ.

"Bọ̀ o, Olúwa ń ṣọ́ ẹ."

Fììì, Ẹkúndayọ̀ bọ̀.

Pẹ́! Ẹ̀yìn kékeré Ẹkúndayọ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ Lábákẹ́. Orin náà bá a mu gẹ́lẹ́, bíi ti Dádì.

Ẹkúndayọ̀ rẹ́rìn-ín kèékèé. "Bákẹ́, sí i!"

Omijé wà lójú Lábákẹ́. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mọ́mì bá a gbe orin náà.

Táyà lọ. Lábákẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ń dúró dè é.

Pẹ́!