Abẹ̀bẹ̀ Idẹ Ò Ní Padà sí Àpòmù

Gbàù!

Ìbọn dún, àwọn ẹyẹ inú oko kòkó fò lọ fìrì.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Gbogbo yín!"

Ọkùnrin mẹ́rin ló yọ láti inú igbó. Wọ́n fi èédú kun ojú, wọ́n sì fi aṣọ di imú àti ẹnu. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Ìrì ò tíì gbẹ lórí ewé, Wásinmi ò sì tíì jìnnà lẹ́yìn.

Àwọn ará ìrìn Ọ̀ṣun dojú bolẹ̀ wẹ́rẹ́, aṣọ funfun wọn nínú ẹrẹ̀. Obìnrin mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Àpòmù ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn wá, wọ́n sùn ní Ìkirè, wọ́n gbéra lóru, Òṣogbo ni wọ́n ń lọ, létí odò Ọ̀ṣun. Bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wọn ṣe ń rìn ín lọ́dọọdún kí òyìnbó tó la títì, kí kòkó tó sọ gbogbo ayé di oníwàdùwàdù.

Ẹnì kan ò dojú bolẹ̀.

Fáyọ̀kẹ́ ni. Ó dúró gbọin láàrin títì, igbá lórí. Nínú igbá náà ni abẹ̀bẹ̀ idẹ wà, abẹ̀bẹ̀ tí ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣúnkọ̀yà, rù dé Òṣogbo nígbà mẹ́rìnlélógún kó tó kú. Àwọn àgbà Àpòmù ti sọ ọ́ gbangba kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọlọ́ṣà ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọdún tí abẹ̀bẹ̀ náà ò bá ti dé odò, ìrìn ẹsẹ̀ ti parí nìyẹn.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé etí ẹ di ni?" Ọ̀gá wọn sún mọ́ ọn, ìbọn pẹ́ńpẹ́ lọ́wọ́. "O ò mọ̀ mí? Èmi ni Afẹ́fẹ́. Èmi ni mò ń dá àwọn oníkòkó lọ́nà láti oṣù mẹ́ta. Wọ́n wá mi títí, ó rẹ̀ wọ́n. Ojú tó bá rí mi lónìí kì í dá mi mọ̀ lọ́la. Oògùn ni mo fi ṣe é, kì í ṣe ẹnu lásán."

"Mo ti gbọ́," ni Fáyọ̀kẹ́ wí. "Kúrò lọ́nà fún mi."

Àwọn mẹ́ta yòókù bú sẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fi ìdí ìbọn gbá igbá náà, gbàgà, igbá là, abẹ̀bẹ̀ já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó gbé e, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Idẹ gidi rèé. Alágbẹ̀dẹ Òṣogbo á yọ́ ọ, á fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún ìyàwó olówó kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Fáyọ̀kẹ́ fò mọ́ ọn, ó gba abẹ̀bẹ̀ náà mú. Wọ́n fi igi nà án lẹ́yìn orúnkún, ó ṣubú, kò fi í sílẹ̀. Wọ́n fà á gba inú ẹrẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n tó rí i já gbà.

Kíríń! Kíríń! Kíríń!

Aago kẹ̀kẹ́ ni. Mùkáílà akódà, ọlọ́pàá ọba láti Ìkirè, ló ń bọ̀ pẹ̀lú eré burúkú, ọdẹ márùn-ún ń sá tẹ̀lé e. Wásinmi ni wọ́n sùn sí láti ṣọ́ ọ̀nà, ìró ìbọn ló sì jí wọn. Oṣù mẹ́ta tí Afẹ́fẹ́ fi ń ṣọṣẹ́, Mùkáílà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kiri Ìkirè.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gan-an, yẹ̀yẹ́ ni. Bíréèkì rẹ̀ ti já láti ọdún Iléyá. Mùkáílà na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀, títí kẹ̀kẹ́ fi dúró, ló bá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó kó wọ inú oko kòkó.

Gbàù! Gbàù! Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Ewé kòkó ń já, ẹ̀ka ń ṣẹ́, àwọn ọlọ́ṣà ń ké, àwọn ọdẹ ń súfèé síra wọn. Fáyọ̀kẹ́ náà ti wọ inú oko pẹ̀lú igi lọ́wọ́, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá kóun wá.

Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n ti de mẹ́ta nínú wọn lókùn. Ẹnì kẹrin ò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti lọ, ó sì ti gbé abẹ̀bẹ̀ lọ.

"Kò lè lọ jìnnà," ni Mùkáílà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọdẹ méjì ti gba ọ̀nà àbùjá lọ sí afárá Gbọ̀ngán, wọ́n á fi igi dí i. Àwọn ará Wásinmi ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé. Tí nǹkan bá ṣe yín, èmi ni ajẹ́lẹ̀ máa bi."

Ẹfúnyẹmí, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ìrìn, gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára. "Ó ti tó. Abẹ̀bẹ̀ ti lọ. A ó padà."

Fáyọ̀kẹ́ ṣa igbá fífọ́ náà, ó fi ọ̀já so ó pọ̀, ó gbé e karí.

"Kí lo fẹ́ gbé lọ bá Ọ̀ṣun?" Ẹfúnyẹmí bi í. "Igbá tó là?"

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Igbá tó là ni màá gbé lọ. Mi ò ní jókòó sílé kí ọlọ́ṣà máa bá mi yan ọ̀nà tí màá tọ̀."

Ó yí ojú sí ọ̀nà Gbọ̀ngán, ó ń lọ. Orúnkún ń dùn ún, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún, kò sì wẹ̀yìn. Ó ti rìn jìnnà díẹ̀ kó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ púpọ̀. Ẹfúnyẹmí ló wá kẹ́yìn, ó ń kùn pé orí kunkun Ọ̀ṣúnkọ̀yà lọmọ yìí jogún, kò jogún ẹwà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ làwọn mìíràn ń yọ láti àwọn abúlé, tí wọ́n ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lọ́dọọdún. A kì í bi ẹni tó wọ funfun lójú ọ̀nà Ọ̀ṣun léèrè ibi tó ti wá. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ìrìn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ wọn títí wọ́n á fi dé odò. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ọkùnrin márùn-ún ti wà láàrin wọn, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun.

Ilé Sìlífátù ni ilé àkọ́kọ́ ní Gbọ̀ngán téèyàn bá ti Wásinmi bọ̀. Mùsùlùmí ni obìnrin yìí, kì í pa ìrun jẹ. Síbẹ̀, gbogbo ọdún ló ń gbé omi tútù àti ẹ̀kọ sí ẹnu ọ̀nà fún àwọn arìnrìn-àjò Ọ̀ṣun, nítorí ìyá tó bí i ń ṣe é, kò sì rí ìdí tóun fi máa dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Mùkáílà ti ń dúró níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri, ojú rẹ̀ sì fà ro.

Ó pe Fáyọ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Afẹ́fẹ́ ò gba orí afárá kọjá. Kò padà sẹ́yìn. Àbí ilẹ̀ ló gbé e mì?"

Fáyọ̀kẹ́ wo àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ òjìji. Funfun, funfun, funfun. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Ó wà láàrin wa," ló wí.

Mùkáílà di kóńdó rẹ̀ mú. "Màá tú aṣọ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

"O ò ní fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Tó bá sì rí i pé ò ń túṣọ, àárín àwọn ìyá yìí ni ìbọn ti máa dún. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Mùkáílà dá kóńdó náà padà sí ìbàdí.

Fáyọ̀kẹ́ lọ bá Sìlífátù nídìí ààrò. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sè fún àwọn ará ilé yín lónìí?"

"Ògì bàbà ni. Fọkàn balẹ̀, mi ò ní gbé e síwájú yín. Ṣé mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ Ọ̀ṣun ni? Ti àgbàdo yín wà lọ́tọ̀."

"Ti bàbà yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Sìlífátù tẹjú mọ́ ọn. Ó wo àwọn ọkùnrin márùn-ún náà. Ó wá rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú ìgbakọ.

Wọ́n pe àwọn ọkùnrin náà wá sẹ́yìn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ibẹ̀ ni omi ìwẹsẹ̀ wà. Ẹni àkọ́kọ́, bàbá arúgbó kan, rí ògì pupa náà, ó bínú. "Bàbà kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú sọ́nà ni?" Fáyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, bàbá náà sì gba ẹ̀bùrú jáde. Ẹnì kejì fi aṣọ bo imú. Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin kàn wo inú abọ́ ni, wọ́n yíjú.

Ẹnì karùn-ún wọlé. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́.

Gùù, gùù, gùù.

Ó lá ètè. "Ìyá, ọwọ́ yín dùn. Ẹ bá mi bù sí i."

Fáyọ̀kẹ́ àti ọkùnrin yìí ti jọ rìn láti àárọ̀. Ó tiẹ̀ ti kí i pé ó kú ìrìn.

"Afẹ́fẹ́," ó pè é jẹ́ẹ́.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìbọn pẹ́ńpẹ́ yọ lábẹ́ aṣọ. Ó fi ọwọ́ kejì di oògùn ọrùn rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pe nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́.

"Ẹ ò rí mi," ó wí. "Ojú yín ti gbàgbé mi. Èèyàn ò dúró níbí."

Sìlífátù wò ó láti òkè délẹ̀. "Mo rí ọ kedere. Ògì ń ro tótó ní irùngbọ̀n ẹ."

Ẹ wá wo ọkùnrin tí gbogbo oníkòkó ń sá fún. Ó fi ọwọ́ ìbọn nu irùngbọ̀n! Kó tó nù ún tán, Fáyọ̀kẹ́ ti já ìgbakọ gbà, ó fi gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀, pàá!

Gbàù! Ọta fọ́ ìkòkò omi. Ìbọn fò wọ inú eérú. Afẹ́fẹ́ bẹ́ gìjà, ó fo ògiri, ó bọ́ síwájú ilé, ojú rẹ̀ bá kẹ̀kẹ́ Mùkáílà. Ó gùn ún, ó ń lọ.

"Kẹ̀kẹ́ mi," ni Mùkáílà ké. Ó sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ẹ̀rín ń gbà á lẹ́nu.

Ọ̀nà tó ti ilé Sìlífátù lọ sí afárá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Fììììì! Kẹ̀kẹ́ ń fò. Afẹ́fẹ́ wẹ̀yìn, ó fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Ó dìgbà o, ẹ̀yin ará oko."

Ó wá wo iwájú. Igi gbọọrọ wà lórí afárá, ọdẹ méjì wà lẹ́yìn igi. Ó fún bíréèkì. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó tún un fún, ó fún un títí.

"Fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀!" Mùkáílà ké láti òkè.

Kò ráyè. Aṣọ funfun tí kì í ṣe tiẹ̀ ti kọ́ ṣéènì.

Gbòlààà!

Kẹ̀kẹ́ lọ sọ́tùn-ún, Afẹ́fẹ́ lọ sósì, oògùn ọrùn rẹ̀ kọ́ orí igi, ó ń mì dirodiro. Kí ẹrẹ̀ tó bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọdẹ ti jókòó lé e lẹ́yìn.

Fáyọ̀kẹ́ sáré débẹ̀, ó ń tiro. Àwọn ọdẹ ò fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ funfun. Òun fọwọ́ kàn án, nítorí ará ìrìn lòun. Ó ká a sókè. Abẹ̀bẹ̀ idẹ wà níbi ikùn Afẹ́fẹ́, ó so ó mọ́ra, etí abẹ̀bẹ̀ náà kan sì ti tẹ̀ wọnú.

"Ta ló tú àṣírí mi fún yín?" Afẹ́fẹ́ bèèrè, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

"Ọ̀fun ẹ," ni Fáyọ̀kẹ́ wí.

Èèyàn ti ń ya bo afárá láti inú Gbọ̀ngán. Oníkòkó kan tí wọ́n ti dá lọ́nà rí tẹ̀ síwájú, ó wo ojú Afẹ́fẹ́ dáadáa, ó ní òun ò ní gbàgbé ojú yìí láéláé.

Mùkáílà na ọwọ́. "Ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ yẹn fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rí ni. Ajẹ́lẹ̀ máa fẹ́ rí i ní kóòtù."

Fáyọ̀kẹ́ fi gèlè nu idẹ náà. Ó nù ún títí ó fi ń dán.

"Sọ fún ajẹ́lẹ̀ pé létí odò ni yóò ti rí i. Kó máa bọ̀ ní Òṣogbo."

"Wọ́n á bá mi jà."

"Sọ fún wọn pé obìnrin kan láti Àpòmù ló kọ̀. Orúkọ mi ni Fáyọ̀kẹ́, ọmọ Ọ̀ṣúnkọ̀yà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kó pé."

Mùkáílà wò ó, ó wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti ká kò bí òrùka. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sọ fún àwọn ọdẹ pé kí wọ́n gbé igi kúrò lọ́nà.

Ẹfúnyẹmí ti dé. Ó gba abẹ̀bẹ̀ náà, ó fi ìka tọ ibi tó tẹ̀ wọnú. Àwọn obìnrin yòókù ń wo ẹnu rẹ̀.

"Alágbẹ̀dẹ wà nílùú yìí," ó wí. "Ó lè nà án kó tó dọ̀la."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i."

Ìyá àgbà náà gbé abẹ̀bẹ̀ náà sínú igbá tó là, òun fúnra rẹ̀ ló gbé igbá lé Fáyọ̀kẹ́ lórí, ó tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó dá orin ìrìn. Wọ́n gbè é. Bí wọ́n ṣe gba orí afárá kọjá lọ sí ọ̀nà Òṣogbo nìyẹn, gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ rìn.